Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Ajá Yín Láti Abẹ́òkúta Lọ sí Etí Òkun, Kí Ó sì Padà Wálé Láyọ̀

Àpáta àti odò ni àwa ará Abẹ́òkúta mọ̀. Ajá wa náà kò mọ̀ ju èyí lọ: ó mọ ojú àgbàrá ẹ̀yìn ilé, ó mọ òórùn Odò Ògùn, bí oòrùn bá sì mú, ó mọ igun ilé tó tutù tí òun lè nà sí. Kò mọ òkun. Ohun tí mo gbàgbé nìyẹn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ajá mi, Tanímọ̀la, lọ sí etí òkun ní Àgbádárìgì. Bí ó ṣe rí omi báyìí, ó ki ẹnu bọ̀ ọ́, ó ń lá a bí ìgbà tó wà nídìí abọ́ rẹ̀ nílé. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń ya fọ́tò. Kí a tó padà dé Ìfọ̀, ó ti bì lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó ti yàgbẹ́ gbuuru sórí ìjókòó ọkọ̀, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Dókítà ẹranko fa omi sí i lára mọ́jú kó tó lè dìde dúró.

Mo ti mú un lọ nígbà mélòó kan sí i láti ọjọ́ náà, wàhálà kankan kò sì tún ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo kọ́ ni mo fẹ́ tò kalẹ̀ síbí. Ìgbì ni gbogbo wa máa ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n oòrùn àti òùngbẹ ló máa ń kọ́kọ́ dé bá ajá. Ẹni tó bá ti ṣètò ibòji àti omi tí kò níyọ̀ ti ṣe ìdajì iṣẹ́.

1. Oṣù kan ṣáájú, ẹ lọ rí dókítà ẹranko

Kì í ṣe gbogbo ajá ló yẹ kó lọ. Ọmọ ajá tí kò tíì gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ tán, kó dúró sílé. Àrùn parvo tí í mú ọmọ ajá bì, tí í mú un yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, lè wà nínú ilẹ̀ tí ajá mìíràn ti yàgbẹ́ sí fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ajá tó lóyún àti ajá tó ti darúgbó, kí wọ́n dúró sílé pẹ̀lú. Ajá tí imú rẹ̀ tẹ̀ bíi Bulldog àti Pug wà nínú ewu jù, nítorí pé ẹnu àti imú ni ajá fi ń mú ara rẹ̀ tutù. Ajá kì í làágùn káàkiri ara bíi tiwa. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń làágùn díẹ̀. Èyí tí ọ̀nà imú rẹ̀ bá há, kò rí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó láti fi tutù. Caucasian, ajá ńlá onírun púpọ̀ nnì ńkọ́? Ilẹ̀ òtútù ni irun rẹ̀ ti wá. Bí ẹ bá nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má gbé e lọ sí etí òkun lọ́sàn-án. Ajá ìbílẹ̀ wa tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bíńgó ló fara da ooru jù, ṣùgbọ́n òun náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ní Abẹ́òkúta níbí, ilé ìwòsàn ẹranko FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, wà ní Alábàtà, àwọn dókítà ẹranko aládàáni sì wà nígboro. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ béèrè fún: abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi, oògùn aràn, àti oògùn eégbọn. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ lọ ní oṣù kan ṣáájú ni pé bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ajá náà máa gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ó tó nǹkan bí ọjọ́ 28 kí abẹ́rẹ́ náà tó múlẹ̀ dáadáa lára rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa tún un gbà bí dókítà bá ṣe là á kalẹ̀. Ọdọọdún ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń fún un.

Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ náà dání. Etí òkun kún fún ọmọdé àti ajá tí kò lólówó. Bí ajá yín bá bu ènìyàn jẹ, tàbí tí ajá mìíràn bu ẹ̀yin jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi ata sí i, ẹ má fi epo pupa sí i. Bí àmì dìgbòlugi bá ti lè fara hàn lára ènìyàn, kò sí oògùn tí í wò ó sàn mọ́.

2. Ẹ kọ́ ọ láti máa gbọ́ fèrè

Àwọn ọdẹ ló ni ọ̀rọ̀ yìí: ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Létí òkun, ariwo ìgbì máa ń gbé ohùn ènìyàn mì. Ẹ lè pariwo orúkọ ajá títí, kò ní gbọ́. Nítorí náà, ẹ ra fèrè, irú èyí tí rẹfirí ń fọn lórí pápá bọ́ọ̀lù. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa fọn ọ́n nínú ọgbà ilé. Bó bá ti wá, ẹ fún un ní ẹran kékeré kan. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ síbi tí ariwo wà, kí okùn sì wà lọ́rùn rẹ̀, kí ẹ tún fọn ọ́n. Bó bá pẹ́ kó tó dé, ẹ má lù ú. Ajá tí a lù nígbà tó dé ti kẹ́kọ̀ọ́ pé kò yẹ kí òun wá.

Bó bá jẹ́ pé àdúgbò yín níbí ni kò ti gbọ́ fèrè, kò ní gbọ́ ọ ní Àgbádárìgì. Kó wà lórí okùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ojú kò tì yín rárá.

Nọ́ńbà fóònù yín gbọ́dọ̀ wà ní ọrùn rẹ̀. Mo gbé bẹ́líìtì ọrùn Tanímọ̀la fún télọ̀ kan ní Pánṣẹ́kẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ kọ orúkọ sára aṣọ, ó sì fi òwú funfun rán nọ́ńbà náà sí i gbàgàdà. Omi kò lè fọ̀ ọ́ kúrò.

3. Ẹ wò ó bóyá ó mọ̀wẹ̀

Ọ̀pọ̀ gbà pé gbogbo ajá ló mọ̀wẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí orí rẹ̀ wúwo, tí àyà rẹ̀ fẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, lè rì bí òkúta. Ẹ ra jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó tí wọ́n ṣe fún ajá, èyí tó ní ìdìmú lẹ́yìn tí ẹ lè fi fà á sókè. Ẹ wọ̀ ọ́ fún un nílé fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kó lè mọ́ ọn lára.

Ẹ má lọ fi Odò Ògùn dán an wò o. Lásìkò òjò, omi náà máa ń kún lójijì, pàápàá bí wọ́n bá ṣí omi ìdídò (dáàmù) Ọyán sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀. Ẹ mọ àìsàn tí í mú ọmọdé tọ ẹ̀jẹ̀, tí a ń pè ní àtọ̀sí ajá? Orúkọ yẹn ti ba ajá lórúkọ jẹ́ láìṣẹ̀. Ajá kọ́ ló ń fà á. Aràn kan ni, tó ń gbé nínú ìgbín kékeré inú omi, tó sì ń gba awọ ara wọlé sára ẹni tó bá wọ omi náà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ní àwọn abúlé tó yí ìdídò Ọyán ká. Ẹni tó bá wọ omi tó dúró, tí koríko bò, pẹ̀lú ajá rẹ̀, òun gan-an ló wà nínú ewu. Ike ńlá tí omi rẹ̀ dé ikùn ajá, nínú ọgbà yín, ti tó fún ìdánwò.

4. Ẹrù tí ẹ máa dì

Omi ni àkọ́kọ́. Ajá tó wọn kìlógíráàmù 20 máa ń mu tó lítà kan lójúmọ́ nílé; létí òkun, ó lè mu ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta rẹ̀. Ẹ tún máa nílò omi tí ẹ máa fi ṣan án. Àpò omi inú ọ̀rá kan, tó ní ọ̀rá 20, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ́ǹtílítà 50, jẹ́ lítà 10; iye tí mo ń gbé fún Tanímọ̀la nìyẹn. Ẹ fi mẹ́fà nínú rẹ̀ sínú fìrísà mọ́jú, kó lè tutù di ọ̀sán.

Lẹ́yìn omi, ibòji: agbòòrùn ńlá tàbí tapólì àti okùn tí ẹ máa fi so ó. Kí ẹ má gbọ́kàn lé igi àgbọn, nítorí ibòji rẹ̀ ń rìn kiri pẹ̀lú oòrùn. Ẹ mú abọ́ tí kì í dojú dé, okùn gígùn tó tó mítà 5, táwẹ́ẹ̀lì méjì, ọ̀rá tí ẹ máa fi kó ìgbẹ́, báńdéèjì, òṣùwọ̀n ìgbóná ara, àti oúnjẹ tí ajá náà ń jẹ nílé. Kí nọ́ńbà dókítà ẹranko kan tó súnmọ́ ibi tí ẹ ń lọ wà lórí fóònù yín kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ tún fi fóònù béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni etí òkun náà bóyá wọ́n ń gba ajá. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń gba owó ẹnu ọ̀nà kò gbà á.

5. Lójú ọ̀nà

Bí ẹ bá gba Ọ̀tà, Àtàn àti Àgbárá lọ sí Àgbádárìgì, tàbí tí ẹ gba Ṣàgámù kọjá lọ sí ìhà Lẹ́kí, ẹ máa pẹ́ lójú ọ̀nà, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ kúrò nílé ní aago márùn-ún ìdájí. Ẹ má fún ajá lóúnjẹ láàárín wákàtí mẹ́rin kí ẹ tó gbéra, kó má bàa bì. Omi díẹ̀díẹ̀ kò burú.

Ìjókòó ẹ̀yìn ni ààyè rẹ̀. Kò gbọdọ̀ wà lórí ẹsẹ̀ awakọ̀, kò gbọdọ̀ wà nínú búùtù. Mo ti rí ajá tí wọ́n fi okùn so lọ́rùn sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Bó bá fò jáde, okùn yẹn á fún un lọ́rùn pa. Ẹ fi okùn àyà so ó mọ́ bẹ́líìtì ìjókòó. Ẹ dúró lẹ́yìn wákàtí méjìméjì kó lè tọ̀, kí ẹ sì mú okùn dání kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn.

Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a gbé sójú oòrùn. Kò sí pé mo fẹ́ ra búrẹ́dì, kò sí pé mo fẹ́ san owó. Bí ìta bá jẹ́ 30°C, inú ọkọ̀ lè kọjá 45°C láàárín ìṣẹ́jú 20. Gíláàsì tí ẹ ṣí díẹ̀ kò yí ìyẹn padà. Ọkọ̀ ti pa ajá ẹni tó nífẹ̀ẹ́ ajá rẹ̀ gidigidi.

6. Bí ẹ bá ti dé

Kí ajá ṣì wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹnìkan àti ẹ̀rọ amúlétutù, kí ẹlòmíràn lọ wo ilẹ̀. Ẹ ń wá àfọ́kù ìgò, ìwọ̀ ẹja, àwọ̀n tó ti gbó, igi sùyà. Igi sùyà yẹn burú: ó ní òórùn ẹran, ajá á gbé e mì lódidi, á sì gún un nínú ikùn. Ẹ wo ẹṣin tí wọ́n fi ń gbé ènìyàn kiri náà. Ajá tí kò rí ẹṣin rí lè sáré gbó o, ẹṣin á sì ta á nípàá. Ẹ jìnnà sí wọn.

Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín lé orí iyanrìn, kí ẹ máa ka ení, èjì, títí dé èje. Bí ẹ kò bá lè fi ọwọ́ síbẹ̀ dé èje, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá á bó níbẹ̀. Aago méje sí mẹ́wàá òwúrọ̀ ló dára jù, tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Láàárín wọn, ibòji ni.

Ohun méjì tí òkun máa ń tu sórí iyanrìn ni kí ẹ fi ojú ṣọ́. Jẹ́lífíìṣì rí bí ẹ̀kọ tó dì tàbí ọ̀rá tó nù. Bó tilẹ̀ ti kú, ó ṣì ń ta. Bó bá ta ajá, ẹ fi omi òkun ṣan ibẹ̀, ẹ má fi omi ọ̀rá ṣan án, ẹ má sì fi iyanrìn ra á. Igi ni kí ẹ fi yọ ọwọ́ jẹ́lífíìṣì tó rí bí okùn, tó bá lẹ̀ mọ́ irun ajá. Èkejì ni ẹja tó ń wú bí bọ́ọ̀lù. Májèlé rẹ̀ kì í kú pẹ̀lú rẹ̀. Bí ajá bá gbé e sẹ́nu, ọ̀dọ̀ dókítà ni tààrà.

7. Nínú omi

Kó tó fẹsẹ̀ kan omi òkun rárá, ẹ fún un ní omi tó dára kó mu tẹ́rùn. Ajá tí òùngbẹ kò gbẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ wá omi òkun mu. Iyọ̀ inú lítà omi òkun kan tó gíráàmù 35, ó tó ṣíbí ńlá méjì. Ẹ fojú inú wo ohun tí ìyẹn ń ṣe nínú ikùn ajá. Iyọ̀ náà á fa omi kúrò lára rẹ̀. Bó bá lá díẹ̀, ó lè yàgbẹ́ omi lẹ́ẹ̀kan kó sì parí síbẹ̀. Bó bá mu ún púpọ̀, ẹ gbé e kúrò, ẹ máa fún un ní omi tó dára díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe abọ́ kíkún lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ń gbọ̀n, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ẹ máa lọ sọ́dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀. Tèmi ì bá má burú tó bẹ́ẹ̀, ká ní mo ti mọ èyí.

Bọ́ọ̀lù jíjù sínú omi dùn ún wò, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ajá bá ya ẹnu gbé bọ́ọ̀lù, ó ń gbé omi iyọ̀ àti iyanrìn mì. Iyanrìn púpọ̀ lè dí ìfun rẹ̀. Ẹ dá a dúró lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú 10 sí 15, kó sinmi, kó mumi.

Omi kò gbọdọ̀ kọjá orúnkún yín, kí okùn gígùn yẹn sì wà lọ́wọ́ yín. Òkun wa yìí le, lásìkò òjò ló sì máa ń ru jù. Omi tí ìgbì gbé wá sí etí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ padà. Ó máa ń kóra jọ, á la ọ̀nà tóóró kan, á sì fi agbára padà sínú agbami. Ibẹ̀ gan-an ló máa ń dà bí ibi tó rọ̀ jù lójú: ìgbì kò fọ́ níbẹ̀, omi rẹ̀ dúdú díẹ̀ tàbí kó ru iyanrìn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja. Wọ́n mọ ọ̀nà náà bí ẹ ṣe mọ ọ̀nà Kútọ̀.

Bí omi bá gbé ajá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ́ sínú omi tẹ̀lé e. Mo mọ̀ pé ó nira. Ènìyàn ti bá irú ìyẹn lọ. Ẹ máa rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ní etí omi, ẹ máa fọn fèrè bí ẹ ti ń lọ, kí ajá lè máa wẹ̀ tẹ̀lé yín lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó jáde kúrò lójú ìṣàn náà. Lẹ́yìn náà ni ìgbì á gbé e wá sílẹ̀. Ẹ pe àwọn tó ń ṣọ́ etí omi. Ibí ni jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó ti ń wúlò.

8. Bí ooru bá mú un

Ìgbóná ara ajá tó yá gaga wà láàárín 38 sí 39°C. Bó bá ti kọjá 41°C, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ọpọlọ rẹ̀ wà nínú ewu. Àmì rẹ̀ kì í fara sin: á máa mí hẹlẹhẹlẹ láìdáwọ́ dúró bó tilẹ̀ wà nínú ibòji, ahọ́n rẹ̀ á yọ gbọọrọ, itọ́ rẹ̀ á ki, èrìgì rẹ̀ á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á bì, á ṣubú. Bí èrìgì bá ti ń funfun tàbí tó ń ṣe bí aró, kò sí àkókò mọ́.

Ẹ mú ara rẹ̀ tutù kí ẹ tó gbé e. Ọ̀pọ̀ ló ń ju ajá sínú ọkọ̀ tó gbóná, tí wọ́n ń sáré lọ sílé ìwòsàn, tí ajá sì kú sọ́nà. Ẹ gbé e sínú ibòji, ẹ da omi tútù sí i lára, pàápàá ikùn, abẹ́ apá àti itan. Ẹ fi páálí tàbí abẹ̀bẹ̀ máa fẹ́ ẹ bí ẹ ti ń da omi. Atẹ́gùn lórí ara tútù ló ń gbé ooru lọ. Ẹ má fi táwẹ́ẹ̀lì tútù bò ó mọ́lẹ̀, nítorí ooru á há sábẹ́ rẹ̀. Bó bá mọ ara rẹ̀, kó mumi díẹ̀. Bí kò bá mọ ara rẹ̀, ẹ má da omi sí i lẹ́nu. Bí òṣùwọ̀n bá ti padà sí 39.5°C, ẹ dá omi dúró, kí ẹ sì máa gbé e lọ, kódà bó bá ti dìde tó ń ju ìrù. Inú ara rẹ̀ lè ti bàjẹ́ láìhàn lójú.

9. Oúnjẹ àti ìgbẹ́

Ẹ sọ fún gbogbo ẹni tó bá yín lọ pé kí wọ́n má fún ajá ní nǹkankan. Àlùbọ́sà inú sùyà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Eegun adìẹ tí a ti sè máa ń fọ́ ṣóńṣó. Ọtí kò sí fún un rárá.

Ẹ kó ìgbẹ́ rẹ̀ sínú ọ̀rá. Ẹyin aràn ìwọ̀ inú ìgbẹ́ ajá ń pa nínú iyanrìn tó lọ́rinrin, ọmọ aràn náà á sì gba àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ ẹlòmíràn wọlé, á máa rìn lábẹ́ awọ rẹ̀ bí ìlà pupa tó ń yún ún. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ gba oògùn aràn nìyẹn.

10. Lẹ́yìn tí ẹ bá darí

Kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ fi omi ọ̀rá tó ṣẹ́ kù ṣan iyọ̀ kúrò lára rẹ̀. Bó bá gbẹ mọ́ ọn lára, á máa lá a lójú ọ̀nà. Ẹ wo àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ nu inú etí rẹ̀ gbẹ, pàápàá ajá tí etí rẹ̀ ń wálẹ̀.

Bó bá ti gbé omi mì nínú òkun, tàbí tí ìgbì bò ó lórí, ẹ máa ṣọ́ ọ títí di ọjọ́ kejì. Omi tó wọ ẹ̀dọ̀fóró lè má tètè fara hàn. Bó bá ń wúkọ́, tó ń mí kíákíá bó ti dùbúlẹ̀, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́ kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ní òwúrọ̀, ẹ wo ìtọ̀ rẹ̀ kí iyanrìn ilé tó fà á mu. Bó bá pọ́n bí omi zobo, tàbí tí kò tọ̀ rárá, ẹ gbé e sínú ọkọ̀, kí ẹ kọjú sí Alábàtà.